Bí Odò-Ọwá Ṣe Ń Di Xn--

Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ odò-ọwá sí ibi àdírẹ́sì lórí kọ̀ǹpútà, ohun tí ẹ̀rọ náà ń gbé jáde láti fi wá ìkànnì ni xn--od-w-8na3hp16w. Ẹ má rò pé àṣìṣe ni o. Odò-Ọwá náà nìyẹn, ìlú wa ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìjerò ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Kò sí lẹ́tà kan tó sọnù nínú rẹ̀, kò sí àmì kan tó já bọ́. Ẹ gbé e fún kọ̀ǹpútà mìíràn, ní Tokyo ni o, ní Adó-Èkìtì ni o, yóò tú u padà sí odò-ọwá: àmì ohùn ìsàlẹ̀ á padà sórí o, àmì abẹ́ á padà sábẹ́ ọ, àmì ohùn òkè á padà sórí a. Bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀, àti ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ fún ìkànnì mọ̀ kó tó náwó, ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Àwọn kan á bi mí pé kí ló burú nínú odo-owa lásán. Ṣebí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sára pátákó ojú títì náà nìyẹn? Pátákó ojú títì ní ìlú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá kà á ti dé ibẹ̀ ná, bó bá sì ṣì í kà, ọmọdé tó ń kọjá lọ lè tún un ṣe fún un. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ nìkan ló dúró. Àlejò tó bá rí odo-owa níbẹ̀ lè kà á sí "odó ó wà", bí ẹni ń sọ fún ìyàwó ilé pé kó má wulẹ̀ yá odó iyán lọ́wọ́ aládùúgbò. Ó lè kà á sí òdo tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń sá fún. Ẹ tún wo oko. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ ní Ìjerò, alágbẹ̀dẹ tó ń rọ ọkọ́ ní Aramọkọ, àti àgbẹ̀ tó ní oko ní Ẹfọ̀n, orúkọ kan ṣoṣo ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jọ máa lé kiri bí a bá yọ àmì kúrò. Lẹ́tà ni àmì jẹ́ nínú èdè wa. Ẹni tó bá yọ ọ́ ti kọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Àwọn tó ṣe ètò orúkọ fún íntánẹ́ẹ̀tì kò ronú kan wa rárá, mi ò sì bú wọn. Ọdún 1963 ni wọ́n gbé ASCII jáde ní Amẹ́ríkà, àtòkọ àmì 128 tí kọ̀ǹpútà ń lò, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Paul Mockapetris ṣe ètò tó ń fi orúkọ wá kọ̀ǹpútà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́dún 1983, ohun tí orúkọ lè ní kò ju lẹ́tà a títí dé z, nọ́ńbà 0 títí dé 9, àti àmì ìsopọ̀ kékeré. Bẹ́ẹ̀ àmì tiwa ti pẹ́ ju ẹ̀rọ wọn lọ fíìfíì. Ọdún 1843 ni Samuel Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Lọ́dún 1875 àwọn ará ìjọ CMS jókòó ní Èkó, wọ́n jọ sọ̀rọ̀ lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè yìí. Àkọtọ́ tí à ń lò lónìí, ọdún 1974 ni wọ́n fọwọ́ sí i. Ọ, ẹ àti ṣ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ rán mọ́ aṣọ.

Ọdún 2003 ni ọ̀nà àbáyọ dé. Wọn kò fọwọ́ kan ètò orúkọ ti Mockapetris náà, torí gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì ló dúró lé e lórí. Ìlànà kan tí Adam Costello kọ, tí wọ́n ń pè ní Punycode, ni wọ́n fi ń wọ aṣọ lẹ́tà lásán fún orúkọ tó lámì kó tó wọlé síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi Èkìtì dán an wò. Kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ sọ lẹ́tà ńlá di kékeré, torí náà Èkìtì àti èkìtì kò yàtọ̀ lójú rẹ̀. Á wá ṣa àwọn lẹ́tà tí kò lámì sọ́tọ̀, k àti t, á tò wọ́n síwájú, á fi àmì ìsopọ̀ tẹ̀lé wọn. Ó ku è kan àti ì méjì. Unicode, ìyẹn àtòkọ ńlá tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, fún è ní 232, ó fún ì ní 236. È wà ní ipò kìíní, ì wà ní ipò kẹta àti ìkarùn-ún. Nọ́ńbà àti ipò wọ̀nyí ni kọ̀ǹpútà á ṣírò pọ̀ títí wọn á fi di 6iarb. Wọ́n á fi xn-- síwájú gbogbo rẹ̀, kí ẹ̀rọ tó bá pàdé rẹ̀ lè mọ̀ pé aṣọ ló wọ̀. Èkìtì ti di xn--kt-6iarb nìyẹn. Kò sí ohun ìkọ̀kọ̀ níbẹ̀; ẹni tó bá ní bébà, bírò àti sùúrù lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣírò rẹ̀. Mo ti ṣírò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, àti ti Odò-Ọwá pẹ̀lú, kí n tó kọ ọ́ síbí.

Ẹ kíyè sí i pé aṣọ yìí máa ń gùn ju ara lọ. Apá kan orúkọ kò gbọdọ̀ ju àmì 63 lọ lẹ́yìn tí ó bá ti wọ aṣọ tán, xn-- náà sì wà nínú ìṣirò. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kó gbogbo oríkì ìlú sínú àdírẹ́sì kò ní í rọ́nà gbé e gbà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le fún wa gan-an kò sí nínú Punycode. Inú lẹ́tà wa fúnra rẹ̀ ló wà, ìlú apá ìwọ̀-oòrùn Èkìtì nìkan sì tó láti fi hàn yín. Èkìtì rọrùn. È àti ì, àwọn ará Ítálì náà ń kọ wọ́n, ó ti pẹ́ tí ẹ̀rọ ti mọ̀ wọ́n. Ìjerò náà bẹ́ẹ̀. Aramọkọ àti Odò-Ọwá ní ọ nínú, síbẹ̀ a ṣì rí alábàápín: àwọn ará Vietnam ń lo ẹ àti ọ. Ohùn ni àmì abẹ́ lẹ́tà ń fi hàn lọ́dọ̀ tiwọn. Lọ́dọ̀ wa, òun ló ń sọ o di ọ. Ọgbọ́n méjì ni, lẹ́tà kan náà ni lójú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló sì ní, 7885 fún ọ.

Tí a bá dé Ẹfọ̀n, ọ̀nà já. Ọ̀ ní àmì lókè, ó ní nísàlẹ̀. Unicode kò fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ọ ni ẹ ó kọ, kí ẹ tó wá gbé àmì ohùn lé e lórí gẹ́gẹ́ bí nǹkan ọ̀tọ̀. Ohun tí ojú rí bí lẹ́tà kan, méjì ni nínú ẹ̀rọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ́, ẹ̀ àti ọ́. Àwọn tó ń tọ́jú ìwé orúkọ máa ń ṣọ́ra fún àmì tó bá dá dúró báyìí, torí wọ́n ń bẹ̀rù pé ẹnìkan lè fi wọ́n da ojú rú. Nípa bẹ́ẹ̀, ibi tó gba odò-ọwá lè kọ ẹfọ̀n. Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni Ẹfọ̀n ṣẹ̀? Ohùn ìsàlẹ̀ tó bọ́ sórí ọ ni gbogbo ẹjọ́ rẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí ojú kò lè rí. Àwọn ìwé wa àtijọ́ kan kò lo àmì róbótó sábẹ́ lẹ́tà, ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán ni wọ́n fi síbẹ̀, àwọn kíbọọ̀dù kan sì ń tẹ ìlà náà títí di òní. Ọ̀kan náà ni lójú èmi àti ẹ̀yin. Lójú Unicode, ọ̀tọ̀ ni tìlà, ọ̀tọ̀ ni ti àmì róbótó, kò sì ní í pa wọ́n pọ̀ láéláé. Ẹni tó bá fi ìlà gba orúkọ, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń fi àmì róbótó wá a, yóò sọ pé ìkànnì òun kò ṣí, kò sì ní í mọ ìdí rẹ̀. Ní Benin ó tún gba ọ̀nà mìíràn yọ: àwọn ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀ ń fi ɛ àti ɔ kọ ohun tí àwa ń fi ẹ àti ọ kọ. Ilé-Ifɛ̀ àti Ilé-Ifẹ̀, ìlú kan, orúkọ méjì. Àkóbá tí ẹ kò ní láti bẹ̀rù ni ti bí ẹ ṣe tẹ àmì tẹ̀lé ara wọn. Bóyá àmì òkè ló kọ́kọ́ wọlé tàbí ti abẹ́, kọ̀ǹpútà á tún wọn tò kó tó ṣírò.

Àwa ará Èkìtì tún ní tiwa lọ́tọ̀. "Ulé" là ń pe ilé, "ùlú" là ń pe ìlú, àkọtọ́ àjùmọ̀lò kò sì gbà kí u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Àkọtọ́ kò ní àṣẹ lórí orúkọ ìkànnì o. Bí ẹ bá fẹ́ fi ulé ṣe orúkọ ilé ìtajà yín, kọ̀ǹpútà kò ní í bá yín jà.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ bí a ṣe ń gbà á. Orúkọ ìkànnì kì í ṣe ohun tí à ń rà pátápátá, yíyá ni, ọdọọdún ni owó rẹ̀ sì ń wọlé. Alágbàtà ló máa gba owó lọ́wọ́ yín, àmọ́ ìwé àkọsílẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé .ng wà lọ́wọ́ NiRA, ti .com wà lọ́wọ́ Verisign, àwọn wọ̀nyí ló sì ń sọ lẹ́tà tí wọn á gbà àti èyí tí wọn kò ní í gbà. Torí náà, ẹ má kọ́kọ́ béèrè iye owó. Ẹ béèrè pé: ṣé ẹ ń gba ọ? Ṣé ẹ ń gba ṣ? Ṣé ẹ ń gba ọ̀ àti ẹ́? Bí alágbàtà bá dáhùn pé "a ń gba gbogbo rẹ̀" láìwo ìwé kankan, ẹ wá ẹlòmíràn lọ.

Láti oṣù kọkànlá ọdún 2000 ni Verisign ti bẹ̀rẹ̀ sí í dán orúkọ tó lámì wò lábẹ́ .com, wọ́n sì máa ń ní kí ẹni tó fẹ́ orúkọ sọ èdè tí ó fi kọ ọ́. Bí ẹ kò bá rí Yorùbá nínú àtòkọ tí wọ́n gbé síwájú yín, ẹ lè mú èdè tí lẹ́tà rẹ̀ gba orúkọ yín, ṣùgbọ́n ẹ ka lẹ́tà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó mú un. Èdè Vietnam ní gbogbo lẹ́tà tó lámì nínú odò-ọwá láìku ẹyọ kan: ò wà níbẹ̀, ọ wà níbẹ̀, á wà níbẹ̀. Kò lè gba ìjẹ̀ṣà, torí kò ní ṣ, ohùn méjì kò sì lè wà lórí lẹ́tà kan ṣoṣo lọ́dọ̀ wọn, nítorí náà kò sí ẹ̀.

Tí ó bá kan títẹ̀ ẹ́, ẹ má da orúkọ kọ láti inú lẹ́tà ìpè tàbí ìwé ìkíni tí ẹ kò mọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ìlà tí mo sọ lókè yẹn lè wà nínú rẹ̀. Kíbọọ̀dù Yorùbá wà nínú Gboard lórí fóònù, ó wà nínú Windows, àwọn tó ni YorubaName, àkójọ orúkọ Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, náà sì ṣe tiwọn fún kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán, alágbàtà á fi xn-- rẹ̀ hàn yín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn pé kó tú u padà. Bí ohun tó tú bá bá ohun tí ẹ fẹ́ mu, ẹ sanwó. Ẹ má sanwó ṣáájú. Xn-- yìí náà lẹ ó fún àwọn tó máa gbé ìkànnì yín sórí sáfà, torí ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ wọn kò mọ orúkọ tó lámì bí kò bá wọ aṣọ. Ìwé ẹ̀rí tó ń gbé àgádágodo sẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì kò tún le mọ́: láti oṣù kẹwàá ọdún 2016 ni Let's Encrypt ti ń fún irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń gba orúkọ. Ẹ rántí pé Odò-Ọwá mìíràn wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ọmọ ìyá wa ni wọ́n, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ sí orúkọ náà bí àwa náà ṣe ní. Ó dára ká kọ Èkìtì mọ́ tiwa, odò-ọwá-èkìtì, kí a fi tiwọn sílẹ̀ fún wọn. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ gba orúkọ náà lórúkọ ẹgbẹ́. Mo ti rí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan tó fi iṣẹ́ yìí lé ọ̀dọ́kùnrin kan lọ́wọ́. Ímeèlì rẹ̀ ló fi gba orúkọ, ó rìnrìn àjò, kò sí ẹni tó rí ìkìlọ̀ pé owó ọdún ti tó san, orúkọ bọ́. Àlejò kan tí kò mọ̀ wọ́n rí ló ń lò ó báyìí.

Mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí èyí tó kàn yìí dáadáa, torí ẹni tí kò kọ Yorùbá kò lè rò ó. Nígbà tí a bá fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ lórí fóònù, ìlà máa ń wà lábẹ́ rẹ̀ láti fi hàn pé a lè tẹ̀ ẹ́. Ìlà yẹn ń bo àmì abẹ́ lẹ́tà. Odò-ọwá á jọ odò-owá, ṣ á jọ s. Ẹni tó rí i, tó sì tún un tẹ̀ láti orí, á tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì. Àdírẹ́sì tí wọ́n ka lórí rédíò náà ńkọ́? Ẹni tó gbọ́ ọ á tẹ ohun tí kíbọọ̀dù rẹ̀ gbà á láyè láti tẹ̀, fóònù ọ̀pọ̀ ènìyàn sì jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Ìdí nìyí tí mo fi gbà gbọ́ pé kò sí ìlú tàbí oníṣòwò Yorùbá kankan tó yẹ kó gba orúkọ tó lámì nìkan. Méjèèjì ni kí ẹ gbà, kí èyí tí kò lámì máa darí ènìyàn lọ sọ́dọ̀ èyí tó lámì.

Àwọn gbájú-ẹ̀ náà mọ̀ pé àmì abẹ́ lẹ́tà kò hàn. Ẹni tó bá fi ẹ dípò e nínú orúkọ báńkì ti rí ìlẹ̀kùn èké kan ṣí. Lóṣù kẹrin ọdún 2017, Xudong Zheng fi lẹ́tà àwọn ará Rọ́ṣíà kọ orúkọ tó jọ apple.com láìyàtọ̀ lójú, xn--80ak6aa92e.com ni orúkọ náà lábẹ́ aṣọ, ó sì gbé e síta láti fi ṣèkìlọ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn bíráúsà kan ti túbọ̀ ń ṣọ́ra. Bí orúkọ tó lámì bá jọ ti ìkànnì ńlá kan, wọn kì í fi àmì rẹ̀ hàn mọ́, xn-- ni wọ́n ń gbé síta. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí orúkọ yín, wọn kò tàbùkù yín, oníbàárà yín ni wọ́n ń dáàbò bò.

Lórí ímeèlì, mi ò ní í tàn yín. Láti ọdún 2012 ni ìlànà ti wà fún àdírẹ́sì ímeèlì tó lámì, Gmail sì ti ń gba lẹ́tà láti irú rẹ̀ láti ọdún 2014, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti báńkì àti ti ilé-ìwé, ṣì ń sọ pé kì í ṣe àdírẹ́sì gidi. Fún ímeèlì, ẹ lo èyí tí kò lámì ná.

Ojú wo ni kí á wá fi wo bí nǹkan ṣe rí lọ́dọ̀ wa? Ìkànnì ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkìtì ni ekitistate.gov.ng. BBC Yorùbá tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kejì ọdún 2018 wà ní bbc.com/yoruba. YorubaName tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀, tó ń fi àmì sórí gbogbo orúkọ tó wà nínú rẹ̀, yorubaname.com ni àdírẹ́sì tirẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn àmì jù lọ náà ń gba ẹnu ọ̀nà tí kò lámì wọlé. Mi ò dá wọn lẹ́bi, torí mo ti sọ gbogbo ohun tó wà lójú ọ̀nà yẹn tán.

Àwọn ẹlòmíràn ti tún ọ̀nà tiwọn ṣe. Jámánì gba ä, ö àti ü wọlé sábẹ́ .de lóṣù kẹta ọdún 2004. Ti Kánádà ló wù mí jù. Nígbà tí wọ́n ṣí .ca fún lẹ́tà Faransé tó lámì lóṣù kìíní ọdún 2013, wọ́n ṣòfin pé ẹni tó bá ní orúkọ lásán nìkan ló lè gba èyí tó lámì, ẹni tó bá sì ní èyí tó lámì nìkan ló lè gba èyí lásán. Ẹni tó ní metro.ca kò bẹ̀rù pé ẹnìkan á jí métro.ca gbé. Òfin kan ṣoṣo yẹn á pa ìdajì ẹ̀rù tí mo kà sílẹ̀ lókè rẹ́ fún wa. Ẹ̀yin NiRA, ẹ pe àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá, ti Ìgbò àti ti Haúsá jọ, kí ẹ kọ àtòkọ lẹ́tà tí .ng ń gbà síta níbi tí mẹ̀kúnnù lè kà á, kí ọ̀ àti ẹ́ wà nínú rẹ̀ kí Ẹfọ̀n lè rí ààyè, kí ẹ sì so orúkọ tó lámì mọ́ èyí tí kò lámì sọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo.

Ẹ̀yin ọmọ Odò-Ọwá nílé àti lẹ́yìn odi, ẹ má dúró dè wọ́n. Ẹ gba odo-owa-ekiti àti odò-ọwá-èkìtì lọ́jọ́ kan náà, lórúkọ ẹgbẹ́, kí akọ̀wé kọ xn-- rẹ̀ sínú ìwé ìpàdé, kí akápò sì kọ ọjọ́ tí owó ọdún tó ń bọ̀ máa pé.